Òfin tí Wọn Kò Tíì Dìbò Lé

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn mi lè fúyẹ́: owú ni mò ń jẹ nílùú òyìnbó. Mo gbọ́ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ. Wọ́n ní òtútù ló kọ́kọ́ kí àwọn káàbọ̀, tàbí iná tí kì í lọ, tàbí omi gbígbóná tó ń jáde lára ògiri. Èmi náà rí gbogbo ìyẹn. Òtútù Kánádà fẹ́rẹ̀ẹ́ gé etí mi dànù. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bá mi lójijì níbẹ̀, nítorí àwọn tó ti lọ ṣáájú ti ròyìn rẹ̀ fún wa ní Mafoluku, l'Ékòó, títí ó fi sú wa. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò ròyìn fún mi ni tábìlì kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé ìlú kékeré tí mò ń gbé. Tábìlì lásán, tí wọ́n to ìwé lé. Òun ló sọ mí di òjòwú.

Kí n tó dé orí tábìlì yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń gbé. Yàrá ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì kan ni wọ́n gbà mí sí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ fẹ̀ débi pé ènìyàn kan kò lè dá a ká. Ẹnìkan á di etí kan mú, ẹnì kejì á di èkejì mú, wọn á gbọ̀n ọ́n, wọn á rìn pàdé ara wọn, wọn á tún fà sẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n fi mí tì ni Dórìn, òyìnbó obìnrin kan tó ti dàgbà, tó ga, tí kì í kánjú. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀ bí mo bá ń kí i láàárọ̀, ó sì rò pé orúnkún ló ń dùn mí. Ó mú ìpara orúnkún wá fún mi.

Àwa méjèèjì á máa ká aṣọ láti àárọ̀, a ó máa pàdé láàárín bí ẹni tó ń jó, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu wa jáde kò ju ti ojú ọjọ́ àti ti ológbò rẹ̀ lọ. Mo mọ orúkọ ológbò náà, mo mọ oúnjẹ tí kì í jẹ. Èmi tí mo jẹ́ agbẹnusọ ilé wa ní Mafoluku, tó jẹ́ pé èmi ni wọ́n ń rán sí lanlọ́ọ̀dù bí ọ̀rọ̀ bá le, mo wá di ẹni tó ń bèèrè àlàáfíà ológbò.

Ọjọ́ ìsinmi ló burú jù. Ìta á dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n ti kó gbogbo ará ìlú lọ. Mo máa ń lọ sí ilé ìkàwé nítorí pé ibẹ̀ móoru, íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́, n ó fi pe ilé. Ìyá mi ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata níwájú ilé wa. Ìyá Ẹlẹ́rọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Òun àti àbúrò mi, Ṣadé, ni wọ́n jọ ń ṣe é. Bí Ṣadé bá gbé fóònù, ẹ̀rọ náà ni n ó kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Màmá á máa pariwo lé e lórí: "Ṣé o ti jẹun? Ṣé o wọ ṣúwẹ́tà?" N ó ní mo wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò ní òun ń bọ̀, ẹnìkan ti gbé báfù ata dé, wọn á sì pa fóònù. Gbogbo ibi tí mo wà á tún dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí bí mo bá ń pè, kí n má baà dí àwọn tó ń kàwé lọ́wọ́, ẹ̀gbẹ́ tábìlì yẹn gan-an. Ó pẹ́ kí n tó wo ohun tó wà lórí rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo wò ó, òfin ni mo rí. Kánsù ìlú náà ló kọ ọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ máa gba oníbàárà sínú ilé tó ń gbé láti ṣiṣẹ́ fún wọn. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo máa ń dirun nínú kíṣìnnì mi lọ́jọ́ Sátidé fún àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú tó wà nílùú náà. Kì í ṣe owó rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ràn. Ọjọ́ yẹn nìkan ni ẹnìkan ń jókòó sáàárín orúnkún mi tí a jọ ń rẹ́rìn-ín.

Mi ò ka ojú ewé kejì. Ẹni tó bá dàgbà nílé wa kò ní kà á. Nígbà tí mo wà ní kékeré, Ìsọlọ̀ ni ẹ̀rọ Màmá wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin kan dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ní òfin ti dé pé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mọ́. Màmá ní, "Òfin wo? Ìgbà wo lẹ ṣe é?" Ọ̀kan nínú wọn fa ìwé kan yọ lápò, ó fì í níwájú rẹ̀, ó sì dá a padà sápò. Màmá ṣì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kà á nígbà tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ sínú ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti fojú kan ìwé òfin nílé wa, ohun tí a mọ̀ ni pé ọkọ̀ akẹ́rù ti wà lọ́nà. A kì í dúró kà á. A máa ń kó ẹrù ni.

Mo sì kó o. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn oníbàárà mi pé mo ti fi irun dídì sílẹ̀. Mo kó kóòmù àti gbogbo irun tí mo rà sílẹ̀ sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ dà nù. Àga tí mo máa ń jókòó lé dirun, mo gbé e fún ọkùnrin tó ń gbé lókè mi. Mo wá jókòó sínú kíṣìnnì tó mọ́ tónítóní, mo ń retí ọkọ̀.

Nígbà tí a padà sẹ́nu iṣẹ́, Dórìn ní kí ló dé tí ojú mi fi wú. Mo sọ ọ́ fún un bí a ṣe ń ká aṣọ. Ó dúró, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ṣì nà láàárín wa.

"Wọn ò tíì dìbò lé e," ó ní.

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi gbé e síta?"

"Kí o lè kà á ni. Bí nǹkan kan bá wà níbẹ̀ tí kò tẹ́ ọ lọ́rùn, wàá lọ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó dìbò."

"Èmi?"

"Ìwọ àti ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ẹ̀rín wá gbé e débi pé etí aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "O ti da kóòmù nù?" ó ní. "Nítorí òfin tí kò tíì sí?"

Òun ló mú mi lọ sí ìpàdé náà. Gbọ̀ngàn kékeré kan ni, pẹ̀lú tíì àti bisikíìtì. Baba arúgbó kan bá àwọn kańsílọ̀ jà lórí ajá. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní dùùrù nílé rẹ̀ sọ tirẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo dìde. Mo ní ẹnìkan ṣoṣo ni mò ń gbà lẹ́ẹ̀kan, irun ni mò ń dì, irun kì í sì í pariwo. Wọ́n rẹ́rìn-ín, akọ̀wé wọn kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa dìbò, wọ́n ti fi kún un pé òfin náà kò kan ẹni tó bá ń gba oníbàárà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Mo lọ gba àga mi padà lókè. Ọkùnrin náà ti gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lé e, inú rẹ̀ kò dùn rárá.

Ó yẹ kí n jó. Mo jó díẹ̀, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ayọ̀ nìkan ni mo gbé kúrò ní gbọ̀ngàn yẹn. Bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, Dórìn ti sùn lọ. Ó ń hanrun! Òfin ìlú rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, wọn ò tíì dìbò lé e, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá sọ̀rọ̀ sí i, ó sì ń hanrun. Ara ta mí. Mo jowú oorun yẹn ju bí mo ṣe jowú ilé àti ọkọ̀ wọn lọ. Ta ló fún wọn ní irú ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí? Kí ni ìyá mi ṣe tí kò fi rí tirẹ̀ gbà ní Ìsọlọ̀? Ká ní wọ́n ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ fún un ni, kò ní sùn. Á ti débẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Mo bínú sí Dórìn fún ọjọ́ mélòó kan, mi ò bèèrè ológbò.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ṣadé pè mí. Kò sí ariwo ẹ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà.

"Àǹtí mi, ẹ gbọ́ nǹkan o. Wọ́n ní kánsù fẹ́ ṣòfin pé kò gbọdọ̀ sí ẹ̀rọ ata ládùúgbò téèyàn ń gbé mọ́. Wọ́n ní ariwo ti pọ̀ jù, èéfín ti pọ̀ jù."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ń sọ ọ́ kiri ni. Kò sẹ́ni tó rí i."

"Ṣé wọ́n ti dìbò?"

"Ta ni kí n bi?"

"Ṣadé, gbọ́ mi. Lọ sí kánsù. Sọ fún wọn pé o fẹ́ ka àbádòfin náà. Kọ lẹ́tà sí wọn. Ẹ̀tọ́ rẹ ni!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀tọ́ kẹ̀? Àǹtí mi, búrẹ́dì òyìnbó ti wọ̀ yín lára. Níbo ni wọ́n ti ń pín in? Ṣé kí n lọ dúró lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì kí n máa ké pé ẹ fún mi ní àbádòfin?"

"Mi ò bá ẹ ṣeré."

"Èmi náà ò bá yín ṣeré. Abẹ́g, ẹ jẹ́ n ráyè."

Ẹ̀rọ yẹn, tí Màmá rà lẹ́yìn ti Ìsọlọ̀, la fi jẹun, òun la fi lọ sílé ìwé. Bí wọ́n bá lé e kúrò níwájú ilé, Màmá kò ní ibòmíràn tó lè gbé e sí, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì gbà á mọ́ láti tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí Ṣadé sinmi. Mò ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù bí mo bá ń jẹun, bí mo bá ń dúró de bọ́ọ̀sì. Mo ṣàlàyé tábìlì, mo ṣàlàyé gbọ̀ngàn, mo ṣàlàyé bisikíìtì. Mo tún ń yangàn díẹ̀. Bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn: bí wọ́n bá rán Ṣadé sí aládùúgbò, ẹ̀yìn mi ló máa sá sí, èmi ni n ó sọ̀rọ̀. Mo ti rí ara mi nínú ọkàn mi tí mo dúró síwájú àwọn aṣòfin nílé, tí mo di màìkì mú, tí gbogbo Mafoluku ń pàtẹ́wọ́. Mo tiẹ̀ ti mọ ọ̀rọ̀ tí n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Màmá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Fi àbúrò rẹ sílẹ̀," ó ní. "Ohùn rẹ ti pọ̀ jù nínú fóònù yìí." Mi ò fi ohùn ránṣẹ́ mọ́. Ṣadé náà kò pè mí fún ìgbà díẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ló tó pè.

"Àǹtí mi, a ti kà á o."

"Ẹ ti ka kí ni?"

"Àbádòfin yẹn. Gbogbo ẹ̀, látòkè délẹ̀."

Kò lọ sí kánsù bí mo ṣe wí, kò sì kọ lẹ́tà. Ó rántí pé ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn kańsílọ̀ máa ń gbé ata wá lọ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó kàn án lórí ìlà, Ṣadé gbé báfù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màdáàmù," ó ní, "ata yín wà lọ́wọ́ wa, òfin wa wà lọ́wọ́ ọkọ yín. Ẹ jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀." Gbogbo èèyàn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín, obìnrin náà sì rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Ìgbà tó tún máa gbé ata wá, àdàkọ àbádòfin náà wà nínú ọ̀rá, lábẹ́ tàtàṣé.

Ṣadé bá pa ẹ̀rọ. Láàárọ̀ Sátidé, tí ìlà báfù gùn dé ẹnu gọ́tà, ó pa ẹ̀rọ, ó gun orí bẹ́ǹṣì, ó ní kò sí ata tí òun máa lọ títí òun á fi ka òfin náà tán. Ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá.

"Ṣadé, ẹ̀wà mi wà lórí iná o!" ni obìnrin kan ké.

"Ẹ rán ọmọ lọ sọ ọ́ kalẹ̀," ni Ṣadé dá a lóhùn. "Tí òfin yìí bá wọlé báyìí, orí ọlọ lẹ ti máa lọ ata yín."

Ni wọ́n bá fara balẹ̀. Ìyá Sìkírù, tí ògiri yàrá rẹ̀ fara kan ẹ̀rọ wa, ní òun ò ní purọ́, ariwo náà ń fọ́ òun lórí, ọmọ ọmọ òun kì í rí oorun sùn ní kùtùkùtù. Wọ́n fẹ́ pariwo lé e lórí, Màmá ní kí wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn ò ní bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣòfin. Àwọn á ní kí ẹ̀rọ máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé ìwé, kí wọ́n sì gbé ọ̀pá èéfín ga kọjá òrùlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ṣadé tó tan ẹ̀rọ padà.

Mo ní, "O ṣe dáadáa." Ẹnu mi korò bí mo ṣe ń sọ ọ́. Pípa ẹ̀rọ! Èmi tí mo dàgbà sídìí ẹ̀rọ yẹn, kò wá sí mi lọ́kàn rí. Lẹ́tà ni mo ní kó kọ. Mo bi í bóyá ẹ̀rù ò bà á.

"Ẹ̀rù bà mí o," ó ní. "Ṣùgbọ́n ta ni mo máa sá sẹ́yìn ẹ̀?"

Kò fi bú mi. Mo mọ̀ pé kò fi bú mi, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí.

Fídíò náà dé nígbà tí a wà ní ìsinmi ọ̀sán níbi iṣẹ́. Kánsù ilé wa pe àwọn aráàlú sí ìjókòó ìta gbangba kí wọ́n tó dìbò, èèyàn sì kún ibẹ̀ dé ojú fèrèsé. Màmá dúró síwájú, ó wé gèlè ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó gbé màìkì sún mọ́ ẹnu jù.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ó ń pe àwọn aṣòfin bẹ́ẹ̀, "wọ́n ti ka ìwé yín fún mi. Ẹ ní ká kúrò. Ẹ ò kọ ibi tí a máa lọ síbẹ̀. Ẹ bá wa kọ ọ́ sí i, tàbí kí ẹ jẹ́ ká bá yín sọ bí a ṣe máa dúró."

"A gbọ́, Mà," ni ọ̀kan nínú wọn dáhùn, ó sì tẹrí ba lórí àga.

Dórìn ti bẹ̀rẹ̀ lé èjìká mi, ó ń wò ó. "Ta nìyẹn?"

"Ìyá mi ni."

Ó ní kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó wo àwọn èèyàn tó kún ibẹ̀, kò sẹ́ni tó sùn nínú wọn. "Tiwa kì í kún báyìí," ó ní, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ó wù ú. Ó yẹ kó dùn mọ́ mi nínú pé òyìnbó ń jowú wa. Ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára Ṣadé. Ó dúró ti Màmá, ọwọ́ rẹ̀ kan di àbádòfin tí ata ti kùn pupa mú, ọwọ́ kejì wà lẹ́yìn Màmá. Ibi tí ọwọ́ yẹn wà ni mo fẹ́ kí ọwọ́ tèmi wà. Mo ti rò pé ìlú Dórìn ni mò ń jowú. Àbúrò mi ni mò ń jowú, àti ìyá mi, àti Ìyá Sìkírù tó jókòó síwájú pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Mo fẹ́ kí wọ́n borí, Ọlọ́run rí mi. Mi ò kàn mọ̀ pé wọ́n lè borí láìsí mi níbẹ̀.

Wọ́n sì borí. Àwọn aṣòfin dìbò, wọ́n fi ohun tí àwọn obìnrin náà sọ sínú òfin, ẹ̀rọ wa dúró síwájú ilé. Màmá fúnra rẹ̀ ló pè mí láti sọ ọ́, ó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọdé tó ti ìdíje dé. Ó sọ bí wọ́n ṣe jókòó, ó sọ ẹni tó gbé omi fún òun, ó sọ bí Ìyá Sìkírù ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gba màìkì lọ́wọ́ òun. "Gbogbo wa la lọ," ó ń sọ. "Kò sẹ́ni tó jókòó sílé."

Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Mo wá bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ tí mo ti wo fídíò náà.

"Màmá, ṣé ẹ sọ fún wọn níbẹ̀ pé ọmọ yín tó wà lókè òkun ló ní kí ẹ lọ bèèrè àbádòfin náà?"

"Wọn ò bi mí ní ti ọmọ," ó ní, kò sì bínú. "Àdúgbò tí mò ń gbé ni wọ́n ní kí n sọ kí n tó sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe bi gbogbo wa nìyẹn."

Mo la ẹnu láti sọ fún un pé Mafoluku ni èmi náà ń gbé. Irọ́ ni yóò jẹ́, òun náà á sì mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ní, "Ẹ kú oríire, Mà."